Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ Tí Òjò Dá Dúró

Obìnrin náà kò fi ẹsẹ̀ tẹ pápá ìṣeré rí. Ọdún mẹ́wàá gbáko ló fi ń tẹ àkọsílẹ̀ gbogbo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè gbá, nílé àti lẹ́yìn odi, síbẹ̀ tí bọ́ọ̀lù bá yí dé ẹsẹ̀ rẹ̀ lójú títì, ńṣe ni yóò yà fún un bí ẹni ń yà fún mọ́tò. Ìyá Atẹ̀wé ni gbogbo ọ́fíìsì àjọ agbábọ́ọ̀lù ń pè é. Yàrá rẹ̀ wà ní ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó há débi pé kó tó lè ṣí dúrọ́ọ̀ ìsàlẹ̀, àfi kó kọ́kọ́ dìde, kó sì gbé àga rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà.

Orí bébà ló ti mọ gbogbo ohun tó mọ̀ nípa bọ́ọ̀lù. Lọ́dún kejì tó débẹ̀, òdo ló ń tẹ̀ ṣáá fún tiwa, títí àmì òdo ara ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀ fi mú bí abẹ tó ń dá ihò sí bébà lára. Lọ́dún karùn-ún, kò sẹ́ni tó wá tí ẹgbẹ́ wa ò nà. Àwọn ará ọ́fíìsì ń fò sókè sódò, òun ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má gbọn tábìlì òun. Ọkọ rẹ̀, tí í ṣe télọ̀, a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nílé. Á ní, "Ìyàwó mi mọ iye tí wọ́n gbá, kò kàn mọ ohun tí wọ́n gbá ni."

Nígbà tí ọdún kẹwàá pé, Akọ̀wé Àgbà pàṣẹ pé kó kó gbogbo rẹ̀ jọ sínú ìwé kan ṣoṣo, kí orúkọ gbogbo ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù fún orílẹ̀-èdè, ì báà ṣe ẹ̀ẹ̀kan péré, sì wà lẹ́yìn ìwé náà. Wọ́n kéde rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn. Ìyẹn ló gbé ọkùnrin wẹ́dà kan wá ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, tòun ti awò dúdú tó fi ń jó irin tó gbé kọ́rùn.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Wọ́n ní ẹ̀ ń kọ orúkọ àwọn tó gbá bọ́ọ̀lù fún orílẹ̀-èdè."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ìgbà wo lẹ gbá tiyín?"

"Ẹ̀ẹ̀kan ni, mà. Ọdún kẹta lẹ́yìn ìgbà tí ìwé yín bẹ̀rẹ̀, nígbà tí orílẹ̀-èdè aládùúgbò wa wá bá wa gbá."

Ó dárúkọ ọjọ́ náà. Ìyá Atẹ̀wé ṣí fáìlì. Kò sí ohunkóhun lọ́jọ́ yẹn. Ọjọ́ kejì ló rí: àwa méjì, àwọn ọ̀kan, orúkọ ẹlòmíràn ló sì wà níwájú nọ́ńbà mọ́kànlá.

"Àtúngbá nìyẹn," ni wẹ́dà wí. "Ọjọ́ tèmi gan-an, òjò ló dá a dúró. Ó ku ogún ìṣẹ́jú kó parí, omi ti dé kókósẹ̀, bọ́ọ̀lù ò yí mọ́, ó kàn ń léfòó. Rẹfirí ní ká máa lọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹsẹ̀ mi ti wú bíi búrẹ́dì tó bọ́ sómi, kóòsì fi ẹlòmíràn rọ́pò mi. Wọn ò sì pè mí mọ́."

"Ṣé ẹ gbá góòlù?"

"Rárá, mà. Ó ku èmi àti aṣọ́lé wọn nìkan, mo gbá a gba òkè kọjá." Ó rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó mi gbà mí gbọ́. Àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ń pè mí ní Orílẹ̀-èdè, ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n sì fi ń ṣe."

Ìyá Atẹ̀wé wò ó. Ó rò ó nínú ara rẹ̀ pé ẹni tó bá wá purọ́ kò ní sọ pé òun pàdánù góòlù. Ó ní kó padà lọ ná.

Nígbà tó gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ Akọ̀wé Àgbà, ọ̀gá náà kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tí kò parí, a ò gbá a nìyẹn."

"Ṣùgbọ́n, sà, èèyàn méjìlélógún ló wà nínú òjò yẹn."

"Ìyá Atẹ̀wé, ṣé ẹ̀yin lẹ fẹ́ wá kọ́ mi ní bọ́ọ̀lù ni?"

Ìyá Atẹ̀wé padà sí yàrá rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta tó tẹ̀ lé e, nígbà tí àwọn yòókù bá lọ jẹun lọ́sàn-án, yàrá ìkẹ́rùsí ló ń lọ, tí á máa tú páálí lọ́kọ̀ọ̀kan. Lọ́jọ́ kẹta ló rí ìròyìn rẹfirí, tó ti lẹ̀ pinpin mọ́ bébà mìíràn. Ó gbé e sókè ooru kẹ́tùlù, ó sì rọra ṣí i díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń tú ọ̀já lójú egbò. Yíǹkì ti ṣàn, ṣùgbọ́n orúkọ mọ́kọ̀ọ̀kànlá ṣì ṣeé kà. Mẹ́wàá nínú wọn ló ti wà níbòmíràn nínú àkọsílẹ̀. Ẹni tí kò sí níbì kankan mìíràn ni nọ́ńbà mọ́kànlá, wẹ́dà náà.

Akọ̀wé Àgbà ka bébà náà tán, ó tún un kà. "Kò lè wọ iye o. Tí mo bá fi èyí kún un, gbogbo iye yòókù ló máa yí."

"Mi ò ní kó wọ iye, sà. Ojú ewé tó kẹ́yìn ìwé náà ṣófo."

 Kò jọ pé inú ọ̀gá náà dùn, kò sì jọ pé ó bínú. "Ẹ tẹ̀ ẹ́ kékeré," ló wí, ó sì na bébà náà padà sí i.

Ó tẹ̀ ẹ́ kékeré: ọjọ́ náà, òdo sí òdo, òjò dá a dúró, àti orúkọ àwọn mọ́kọ̀ọ̀kànlá.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí ìwé dé láti ilé ìtẹ̀wé, ó tọrọ àyè, ó sì mú ẹyọ kan lọ sí ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà. Ọwọ́ ọkùnrin náà dúdú fún èérí irin. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó bá òun ṣí i. Ó tẹríba, ó ka orúkọ ara rẹ̀ láìfọwọ́ kàn án.

"Wọn ò kà á mọ́ iye?"

"Wọn ò kà á."

"Kò burú." Ó tún wò ó. "Wọ́n kọ òjò náà sí i."

Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ti pé lé wọn lórí. Ọ̀kan nínú wọn kà á sókè. Ẹlòmíràn ní, "Orílẹ̀-èdè, góòlù tó o pàdánù ńkọ́?"

"Ìyẹn ò sí nínú ìwé," ni Ìyá Atẹ̀wé dáhùn, gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, wẹ́dà gan-an ló sì rín in jù.

Ìyá Atẹ̀wé gbé báàgì rẹ̀ há abíyá, ó fẹ́ máa lọ, ló bá yíjú padà. "Ẹ jọ̀ọ́, sà, kí ni iṣẹ́ nọ́ńbà mọ́kànlá gan-an?"

Wẹ́dà wo ojú rẹ̀ bóyá ó ń ṣàwàdà ni. Ó wá bu ẹ̀kúnwọ́ nọ́ọ̀tì irin nínú agolo, ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó sílẹ̀, mọ́kànlá níhìn-ín, mọ́kànlá lọ́hùn-ún, ó ń fi ìka tọ́ka ibi tí òun dúró sí. Ìyá Atẹ̀wé ká ìṣẹ́tí ìró rẹ̀, ó lóṣòó tì í, ó sì ń wò ó.