Oògùn Tó Tán Lọ́wọ́ Ìyá Àgbà

Ìyá tó bí ìyá mi ló tọ́ mi dàgbà ní Warri. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni. Iṣẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù tí ọkọ rẹ̀ ń ṣe ní èbúté ló gbé wọn débẹ̀. Nígbà tí bàbá àgbà kú, àwọn ẹbí ránṣẹ́ pé kó máa bọ̀ nílé. Ó ní, "Bí mo bá wálé, ta ni yóò máa tọ́jú ṣọ́ọ̀ṣì?" Wọ́n rò pé àwàdà ló ń ṣe. Ìyá mi, tó jẹ́ tíṣà ní Ìjẹ̀bú-Òde, náà rẹ́rìn-ín. Ìyá àgbà kò rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yìn Jakpa Road ni ṣọ́ọ̀ṣì náà wà, ilé méjì péré ló sì wà láàárín òun àti yàrá tí à ń gbé. Kò sẹ́ni tó fi ìyá àgbà joyè kankan níbẹ̀. Òun ló ń gbálẹ̀, òun ló ń fọ aṣọ pẹpẹ. Bí obìnrin ìjọ bá bímọ, òun ni yóò lọ wẹ ọmọ náà. Bí obìnrin bá kú, òun náà ni wọ́n ń pè kó wá wẹ òkú. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, yóò padà sílé, yóò jókòó sẹ́nu ọ̀nà fúngbà díẹ̀ kó tó lè jẹun.

Ìjẹ̀bú ló ń bá mi sọ, Pijin ni mo fi ń dá a lóhùn. Kò dùn mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ìbáwí ti sú u.

Ìjà ẹ̀yà ti ń lọ, ó ti ń bọ̀ ní Warri láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Gbogbo wa la ti kọ́ bí a ṣe ń dojú bolẹ̀ bí ìbọn bá dún. Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan, ọdún tí mo pé mẹ́rìndínlógún, ìyá àgbà pè mí.

"Bá mi dé kẹ́míìsì ní Enerhen. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi ku méjì."

Mo wà lórí ibùsùn, mò ń ka ìwé ìtàn kan tí mo yá. "Mama, I go go tomorrow."

"Kò burú," ló wí.

Ìró ìbọn ló jí wa lọ́jọ́ kejì. Ìjọba kéde kónílé-ó-gbélé, sójà dí ojú ọ̀nà, gbogbo ṣọ́ọ̀bù tì pa. Kó tó di ọ̀sán, àwọn tí wọ́n ti dáná sun ilé wọn ti kún ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ìyá àgbà kó ìkòkò àti gbogbo gàrí ilé, ó ní kí n ká ẹní, a sì kó lọ síbẹ̀ láti máa dáná fún wọn.

Obìnrin aboyún kan wà láàárín wọn. Kò mọ ibi tí ọkọ rẹ̀ wà, kì í sì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ kẹta, inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ún, ó fi èdè rẹ̀ ké pe ìyá rẹ̀. Ìgbà yẹn ni àwọn tó kù mọ̀ pé ẹ̀yà tó sun ilé wọn ló ti wá. N kò ní dárúkọ ẹ̀yà náà. Ẹ̀yà méjèèjì ló sun ilé ara wọn lọ́sẹ̀ yẹn.

Ariwo ta. Àwọn ọkùnrin ní kó jáde. Ìyá àgbà mú un wọ yàrá kékeré tí pásítọ̀ ti ń múra, ó gbé àga síwájú ilẹ̀kùn, ó jókòó. Alàgbà ìjọ wa, Yorùbá bíi tiwa, wá bẹ̀ ẹ́.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Bí wọ́n bá gbọ́ níta pé ó wà níbí, wọ́n á sun ṣọ́ọ̀ṣì yìí mọ́ wa lórí. Ẹ̀mí gbogbo wa lẹ fi ń ṣeré yìí."

"Ẹ̀mí tirẹ̀ ńkọ́, alàgbà? Méjì ni tirẹ̀."

"Ìjà wọn kì í ṣe tiwa. Àlejò ni wá nílùú yìí."

"Ẹ̀yin ni àlejò. Èmi ti sin ọkọ mi síbí."

Ọkùnrin kan di àga náà mú bíi pé yóò gbé e tòun ti ìyá àgbà. Ọmọ ìjọ ni. Ìyá àgbà ló wẹ òkú ìyá rẹ̀. Wọ́n wo ojú ara wọn, ọkùnrin náà sì fi àga sílẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ kẹrin ni obìnrin náà bí. Ìyá àgbà ló gbẹ̀bí, èmi ni mò ń gbé omi gbígbóná. Ọmọ náà kò ké. Ìyá àgbà gbé e dorí kodò, ó gbá a nídìí, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu. Kò ké. Ó wá wẹ̀ ẹ́ bó ṣe máa ń wẹ ọmọ tó wà láàyè, ó na apá rẹ̀, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì fi aṣọ pẹpẹ kan wé e. Alàgbà rí aṣọ náà. Òun ló gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹfà, ìyá àgbà ń bu ògì fún àwọn ọmọdé nígbà tí ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹnu rẹ̀ yí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì ṣubú. Mo tú báàgì rẹ̀ láti wá oògùn. Páálí òfìfo ni mo bá. Ìgbà yẹn ni mo tó rántí. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́rin tí kò ti lò ó, kò sì sọ fún mi. Ó mọ̀ pé bí òun bá sọ, n óò jáde sínú ìbọn lọ wá a.

Sójà kò jẹ́ kí a gbé e kọjá títí di ìrọ̀lẹ́. Dókítà ní rọpárọsẹ̀ ni, a sì ti pẹ́ jù.

Ọdún méjì ló fi wà lórí ibùsùn. Apá ọ̀tún kú, ẹsẹ̀ ọ̀tún kú, ọ̀rọ̀ kò sì jáde mọ́. Àwọn ará ìjọ ń wá gbàdúrà fún un ní ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, wọn kò wá mọ́. Obìnrin tí ọmọ rẹ̀ kú nìkan ló dúró. A jọ ń yí i padà kí egbò má baà dá sí i lẹ́yìn. Nígbà tó rí ọkọ rẹ̀, wọ́n kó lọ sí Sapele, òun náà kò wá mọ́. N kò bínú sí i.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo kúnlẹ̀ ti ibùsùn, mo sì sọ ọ́ ní Yorùbá. "Màmá, oògùn yẹn, èmi ni mi ò lọ rà á. Ọ̀lẹ ló mú mi. Ẹ dárí jì mí."

Ó wò mí títí. Omi dà lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n omi máa ń dà lójú rẹ̀ ṣáá láti ìgbà tí àìsàn ti dé, n kò lè fi ìyẹn mọ nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ó yí ojú sí ògiri.

Oṣù tó tẹ̀ lé e ló kú. A sin ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀. Lọ́jọ́ ìsìnkú, ìyá mi bi mí bó ṣe jẹ́ tí oògùn fi tán lọ́wọ́ ìyá òun. Mo ní ìjà ni kò jẹ́ ká rí i rà. Ó gbà bẹ́ẹ̀. Títí dòní, ohun tó mọ̀ nìyẹn.