Ère Tí Ìyá Jonathan Fọwọ́ Ara Rẹ̀ Gbé Síná

Nọ́ọ̀sì ni Fèyísọ́lá, Jonathan ọkọ rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ Ifugao, láti orí òkè ní Philippines. Nígbà tí bàbá Jonathan kú, ó mú ìyá rẹ̀ wá sílé wọn ní Little Elm. Ìyá náà gbé ère kan dání: ọkùnrin tó lóṣòó, tó ká apá lé orúnkún, tí èéfín àti ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ ti sọ di dúdú. Búlul ni wọ́n ń pè é. Inú àká ìrẹsì ló ń gbé nílé. Bí wọ́n bá kórè, wọn a pe àwọn baba ńlá wọn sínú rẹ̀, wọn a fún un lọ́tí. Nígbà tí kò sí àká ní Little Elm, Màmá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò ìrẹsì nínú gáréèjì.

Oyún ń bàjẹ́ mọ́ Fèyísọ́lá lára. Bridget, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní ère yẹn ló ń jẹ ọmọ. Nígbà tí òmíràn tún bàjẹ́, Jonathan wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Houston. Fèyísọ́lá dáná sẹ́yìnkùlé.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé òrìṣà yín wá."

"Kì í ṣe òrìṣà. Àwọn ènìyàn wa ni."

"Ẹ fọwọ́ ara yín gbé e síná, mà, àbí kí ẹ wá ilé mìíràn gbé."

Ìyá arúgbó fi súwẹ́tà wé ère náà bí ọmọ tuntun, ó gbé e síná. Igi náà le, kò tètè jó. Fèyísọ́lá da epo bẹntiróòlù sí i, ó ní kí Màmá dúró wò ó tán. Màmá ń pe orúkọ tẹ̀lé orúkọ. Èyí tó pè kẹ́yìn nìkan ni Fèyísọ́lá mọ̀: bàbá Jonathan ni.

Lọ́jọ́ Ìsinmi ó jẹ́rìí, ìjọ pàtẹ́wọ́.

Nígbà tí Jonathan dé, ó béèrè ère.

"Màmá fọwọ́ ara wọn jó o," ni Fèyísọ́lá wí.

Jonathan wo ojú ìyá rẹ̀. Ó kó ẹrù tirẹ̀ àti ti Màmá, àwọn méjèèjì lọ sọ́dọ̀ Jessica àbúrò rẹ̀ ní Euless, kò sì padà.

Màmá kú kí ọdún tó yí. Fèyísọ́lá pe Jessica láti béèrè ọjọ́ ìsìnkú.

"Ẹ má wá. Màmá ló ní kí ẹ má wá."

Síbẹ̀ ó wọ aṣọ dúdú, ó lọ. Jonathan bá a lẹ́nu ọ̀nà.

"Fèyísọ́lá, oyún mélòó ló bàjẹ́ mọ́ ọ lára tí Màmá fọwọ́ ara wọn wẹ̀ ọ́?"

Ó wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn.