Elégbè Inú Kọ̀ǹpútà

Èmi ni mo máa ń ṣe orin fún ẹgbẹ́ àsàlátù wa ní Ọ̀rányàn, bẹ́ẹ̀ Ọlọ́run ò fún mi ní ohùn. Orin á kàn sọ sí mi lọ́kàn níbi tí mo bá ti ń fọ àwo, màá gbé e fún àwọn olóhùn iyọ̀, àwọn ni wọ́n á sì gba ìyìn lọ. Ìyẹn ò dùn mí. Ohun tó ń dùn mí ni pé bàbá mi, tí mo jogún orin lọ́dọ̀ wọn, ti dẹ́kun orin kíkọ.

Wéré ni bàbá mi ń kọ nígbà tí wọ́n lágbára. Bí Ràmàdáánì bá dé, àwọn àti elégbè wọn mẹ́ta ló ń kọrin jí àdúgbò fún sààrì, láti Ọ̀rányàn títí dé abẹ́ Mápó. Méjì nínú àwọn elégbè náà ti kú tipẹ́. Ẹni kẹta ni ọ̀rẹ́ wọn tó ń ránṣọ ní Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Télọ̀. Ohùn ìsàlẹ̀ ni ti Bàbá Télọ̀, ó nípọn, ó sì máa ń pẹ́ dé. Ìgbà tí àwọn méjì tó kù bá ti gbè é ni Bàbá Télọ̀ á ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé àwọn náà wà níbẹ̀. Bàbá mi á yíjú wò wọ́n, wọ́n á sì sọ ọ́ sáàárín orin pé, "O ti tún pẹ́." Wọ́n sọ ọ́ títí àwọn ará àdúgbò fi gbà pé ara orin ni, àwa ọmọdé náà a sì máa kọ ọ́ mọ́ orin bí a bá ń ṣeré.

Láti ìgbà tí Bàbá Télọ̀ ti kú, bàbá mi ò kọrin mọ́, kódà nínú ilé. Ó wá ku díẹ̀ kí àbígbẹ̀yìn mi ṣe wòlímọ̀, mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n bá wa fi ohùn wọn ṣí orin ọjọ́ náà. Wọ́n mi orí. "Ẹnìkan kì í jẹ́ àwádé," ni wọ́n wí, wọ́n sì padà sídìí tẹ̀sùbáà wọn. Òótọ́ sì ni.

Ibẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Ọmọ mi àgbà ra tuntun, ó fi ti àtijọ́ sílẹ̀ fún mi, mo sì bá áàpù kan nínú rẹ̀ tí wọ́n fi ń ṣe kọ́ọ̀dù. Kọ́ọ̀dù ò ju kí ohùn bíi mẹ́ta dún pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kí wọ́n sì bára wọn mu. Èèyàn á yan ibi tó fẹ́ kí orin ti gbéra, áàpù á to àpótí kéékèèké síwájú rẹ̀. Bó bá tẹ ọ̀kan, kọ́ọ̀dù á dún, áàpù á sì tún dábàá èyí tó lè tẹ̀ lé e. Ohùn kọ̀ọ̀kan ní ọ̀pá aláwọ̀ tirẹ̀. Mo wo ọ̀pá mẹ́ta tó jókòó léra wọn yìí, mo ní ṣé kì í ṣe elégbè rèé.

Ẹ má rò pé ó rọrùn. Àwọn tó ń kọ́ni nínú fídíò orí fóònù ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ọlọ́pàá ń lé. Mo pa iṣẹ́ mi rẹ́ láìmọ̀, mo tún un ṣe, mo bú máòsì bí ẹni pé ó létí. Níkẹyìn, mo fi ohùn mi yìí náà kọ orin tí bàbá mi fi máa ń ṣí wéré sínú rẹ̀, mo tẹ́ kọ́ọ̀dù sábẹ́ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin bí wọ́n ṣe ń ṣe é nínú fídíò, mo sì gbé e lọ bá wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Wọ́n gbọ́ díẹ̀, wọ́n gbé ọwọ́ sókè. "Ta ló pe àwọn yẹn? O ò tíì sọ̀rọ̀ tán tí wọ́n fi ń dáhùn."

Inú bí mi, mi ò ní purọ́. Àṣé bàbá mi ló jàre. Elégbè kì í bá aṣáájú sọ̀rọ̀ pọ̀. Á jẹ́ kó gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀ ná, kó tó gbè é. Mo yọ gbogbo kọ́ọ̀dù tó wà lábẹ́ ohùn mi, mo fi wọ́n sí kìkì ibi tí ìlà orin ti parí. Ó wá ń jọ orin létí mi.

Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n gbọ́ ọ tán. Wọ́n tẹ̀ síwájú, wọ́n ń wo ojú kọ̀ǹpútà. "Èwo ni Télọ̀ níbẹ̀?"

Mi ò retí ìbéèrè náà. Mo nawọ́ sí ọ̀pá tó wà nísàlẹ̀ pátápátá. Wọ́n ní kí n tún un tẹ̀, wọ́n tẹ́tí sílẹ̀.

"Irọ́ ni," ni wọ́n wí. "Télọ̀ ò bá wọn dé lẹ́ẹ̀kan náà rí."

Wọn ò rẹ́rìn-ín bí wọ́n ti ń sọ ọ́. Àánú wọn ṣe mí, ìfẹ́ wọn sì kún inú mi. Mo gbé kọ̀ǹpútà mi, mo wọlé.

Mo fa ọ̀pá ìsàlẹ̀ náà sápá ọ̀tún díẹ̀ kó lè pẹ́, ó fò padà sórí ìlà tí áàpù fi ń pín àsìkò. Mo tún fà á, ó tún fò padà. Wọ́n ṣe áàpù yìí kí gbogbo ohùn máa dé lásìkò ni. Kò mọ̀ pé èèyàn lè máa pẹ́, kó sì jẹ́ pé pípẹ́ yẹn gan-an la fi ń dá a mọ̀. Mo wá a títí mo fi rí àwòrán òòfà kékeré kan lókè, òun ló ń fa ohùn sórí ìlà. Mo pa á. Mo wá rọra ń sún Bàbá Télọ̀, torí ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bí mo bá sún wọn jù, wọ́n á dà bí ẹni tó ṣìnà. Bí kò bá sì tó, kì í ṣe àwọn. Nígbà tó dún bí mo ṣe mọ̀ ọ́n láti kékeré, èmi nìkan rẹ́rìn-ín nínú yàrá.

Mo yọ ohùn tèmi kúrò, ó wá ku àwọn elégbè nìkan. Lẹ́yìn ìrun aláásárì, mo gbé e síwájú bàbá mi, mo fi fóònù tì í kó máa gba ohùn sílẹ̀, mo ní kí wọ́n ṣáà gbọ́. Ìdákẹ́jẹ́ kọ́kọ́ wà níbi tó yẹ kí aṣáájú wà, ariwo Ọjà'ba nìkan là ń gbọ́. Àwọn elégbè gbè, ẹni ìsàlẹ̀ sì tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn. Nígbà tó tún yí dé ibi ìdákẹ́jẹ́ náà, bàbá mi wúkọ́, wọ́n sì ṣí orin. Ohùn náà ti ha díẹ̀, àmọ́ àwọn ni. Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀, méjì gbè é, ẹni kẹta ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Bàbá mi yíjú sí kọ̀ǹpútà.

"O ti tún pẹ́," ni wọ́n wí, wọ́n sì gba orin lọ.

Nígbà tí ọmọ mi àgbà gbọ́ ohun tí fóònù gbà sílẹ̀, ó ní kí n gé ọ̀rọ̀ yẹn kúrò kí orin lè mọ́ fún ọjọ́ wòlímọ̀. Mo ní kó fi sílẹ̀, pé ara orin ni.