Ọrùn Gìtá Tó Tẹ̀

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí a lò pọ̀ kẹ́yìn, ìyàwó mi ń ṣa ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná wa ní Ìlaròó, èmi ń yọ́ àtè awọ màlúù tí mo fi ń lẹ igi lórí sítóòfù. Òórùn rẹ̀ gba gbogbo ilé.

"Bàbá Fúnmi, ṣé àtè yìí la ó fi jẹ̀wà lónìí ni?"

Mo rẹ́rìn-ín. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, àyà ń dùn ún, a gbé e dé ọsíbítù, ó dákẹ́.

Oṣù mẹ́rin ni gìtá tí mo ń ṣe fún un fi wà lórí tábìlì tí mi ò fọwọ́ kàn án. Nígbà tí mo tún yọ́ àtè lánàá, òórùn náà gbé mi lọ sí Ìlárá, sí ṣọ́ọ̀bù Ẹ̀gbọ́n Jímọ̀, àbúrò bàbá mi, nígbà tí mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá.

Kétu, ní òdì kejì bọ́dà, ni Ẹ̀gbọ́n ti kọ́ṣẹ́, orúkọ Faransé ni wọ́n sì fi ń pe ọrùn gìtá: máńṣì. Lọ́jọ́ kìíní tí wọ́n ní, "Gbé máńṣì wá," mo sáré lọ gba ìṣáná lọ́wọ́ ìyá mi. Mo ṣebí máṣíìsì ni.

Ẹ̀gbọ́n wo ìṣáná náà, wọ́n ní, "Ọmọ yìí, ṣé o fẹ́ dáná sun mí ni?"

Láti ọjọ́ náà, Máṣíìsì ni wọ́n ń pè mí.

Ṣùgbọ́n Ẹ̀gbọ́n kì í ṣeré tó bá kan ọrùn gìtá. Wọn a gbé rúlà gígùn lé e, wọn a di ojú kan wò ó. Bí ọrùn bá tẹ̀ síwájú jù, okùn á ga, ìka onígìtá á bó. Wọn kì í fi tipá tọ́ ọ. Pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ tí ìka ń rìn lórí rẹ̀ ni wọ́n ń fá kí wọ́n tó lẹ̀ ẹ́, kó fẹ́lẹ́ lápá orí, kó nípọn lápá ikùn.

"Díẹ̀díẹ̀. Èyí tó o bá fá dànù, o ò lè dá a padà."

Ọrùn gìtá tí mo ń ṣe yìí náà tẹ̀. Igi apá ni pátákó rẹ̀, láti ara òpó ilé bàbá ìyàwó mi tó wó ní Afọ̀n. Kò sí òmíràn. Ìyàwó mi ló sì máa ń tan tọ́ọ̀ṣì sí òdì kejì, kí n lè rí ibi tí pátákó kò ti jókòó dáadáa.

Lánàá, mo fi ìwé méjì ti tọ́ọ̀ṣì. Mo fá a, mo wò ó. Tírélà sìmẹ́ǹtì kan kọjá, rúlà gbọ̀n. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbé ìfági kalẹ̀ tí mo jáde lọ dúró síta.

Wọ́n ti ń tún ọ̀kadà ṣe ní ṣọ́ọ̀bù Ìlárá báyìí. Igi ṣì ń ṣe bí igi: á gbọ́ràn sí ẹni tó bá ṣe pẹ̀lẹ́.

Nígbà tó di ìyálẹ̀ta, ìmọ́lẹ̀ kò yọ lábẹ́ pátákó mọ́, rúlà sì dúró síbi tó yẹ. Mo fi àtè sí pátákó náà, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọrùn, mo fi rọ́bà táyà wé e. Mo tún dì í mú, ó pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ.