Èkùrọ́ Tí Mo Jẹ Nínú Igbó Ajah

Ẹsẹ̀ mi ti wú kí ọjọ́ àkọ́kọ́ tó parí. Tíṣà ni mí, Ajah ni mo ti ń kọ́ ọmọ, kí wọ́n tó la títì ọlọ́dà dé ọ̀dọ̀ wa. Àsìkò ìsinmi ni Àǹtí Fọlákẹ́, olùkọ́ yunifásítì kan, wá ń wá ẹni tó mọ̀wé kọ tí yóò bá òun ka ẹranko igbó. Ọ̀fẹ́ ni o. Èmi olórí kunkun, mo ní mo wà níbẹ̀. Ta ló rán mi?

Wọ́n á fi àdá la ọ̀nà tóóró gba inú igbó àti irà kọjá, òun là ń pè ní ìlà. A ó rìn ín jẹ́jẹ́, a ó kọ ohun tí a bá rí sílẹ̀. Ìlà méje ni, ọ̀kan lójúmọ́. Ibi tí a bá ti rí ọ̀bọ ni Àǹtí yóò bẹ ìjọba pé kí wọ́n má fọwọ́ kàn. Ibi tó bá ṣófo, wọ́n á da iyanrìn sí i, wọ́n á kọ́lé. Eṣúṣú mu ẹ̀jẹ̀ mi, ẹ̀fọn gba ìyókù.

Bàbá Múfú, ọdẹ àti apẹja, ló ń mú wa lọ́nà. Wọ́n á ti rí ọ̀bọ kí èmi tó gbójú sókè, ṣùgbọ́n wọn kì í sọ iye.

“Bàbá, mélòó ni?”

“Tíṣà, a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Bàbá mi ò ṣe é, èmi náà ò ní ṣe é.”

Ilẹ̀ iyanrìn ni tiwa, òkúta ò sí, nítorí náà èkùrọ́ ni wọ́n ń lò. Ọ̀bọ kan, èkùrọ́ kan, sínú àpò pupa. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, èmi á kà á. Àpò dúdú ló ní èkùrọ́ tí a fi ń jẹ gàrí.

Lọ́jọ́ keje, ibà dá mi dùbúlẹ̀. Bàbá nìkan ló rin ìlà tó jìnnà jù. Nígbà tí wọ́n dé, wọ́n fi àpò méjèèjì kọ́ igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n lọ kírun létí omi. Mo jí, ojú mi ń ṣú, ebi ń pa mí bí ẹni máa kú. Mo nawọ́.

“Tíṣà, kí lò ń jẹ?”

“Èkùrọ́ ni, Bàbá.”

“Yéè! O ti jẹ ọ̀bọ mi tán!”

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, àfi ìgbà tí mo rí ojú wọn. Àpò pupa ló wà lọ́wọ́ mi, kò sí nǹkan nínú rẹ̀ mọ́.

“Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ ṣáà sọ iye wọn lẹ́ẹ̀kan péré.”

“Wọ́n pọ̀. Abiyamọ wà nínú wọn.” Ó parí.

Mo jẹ́wọ́ fún Àǹtí. Ó mí kanlẹ̀. “Ìwé ìjọba ò gba ‘wọ́n pọ̀’. Ọ̀túnla la máa lọ. Ẹ tún un rìn lọ́la.”

A tún un rìn, èmi pẹ̀lú ibà, Bàbá pẹ̀lú orúnkún tó ń ro wọ́n. Òjò ò jẹ́ ká gbọ́ nǹkan kan. Ọ̀bọ kan ṣoṣo, a ò rí. Mo ronú pé kí n ṣáà kọ ogún, ta ni yóò mọ̀?

“Ohun tí o ò rí, má kọ ọ́,” ni Bàbá wí.

Mo kọ òdo. Ó ti rẹ̀ mí débi pé mi ò lè sunkún.

Ìjọba dá ìlà mẹ́fà yòókù sí. Ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, Bàbá Múfú wá pè mí ní kíláàsì, wọ́n mú mi lọ síbi ìlà keje. Katakata ti wó gbogbo igi, típà ń da iyanrìn. A dúró títí. Wọn ò bú mi, ì bá sàn kí wọ́n bú mi.

“Mọ́kàndínlógún ni wọ́n, Tíṣà,” ni wọ́n sọ, wọ́n sì yíjú padà sọ́nà ilé.