Ṣòkòtò Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́ta

Ẹni tó bá gbé Ìgbọ̀nà l'Óṣogbo nígbà náà, tó wá ní òun ò gbọ́ ìtàn ṣòkòtò Béjidé, irọ́ ló ń pa, àfi tó bá jẹ́ pé àlejò ni. Ọdún 1964 ni, ó ku ọ̀la kí wọ́n ṣọdún Iléyá. Rájí bàbá Mùínàt, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń ta obì, wá gba ṣòkòtò kíjìpá tó gbé fún télọ̀. Kì í ṣe kíjìpá lásán o. Àpìkẹ́, ìyá Rájí, ló fọwọ́ ara rẹ̀ hun ún, òun náà ló rẹ ẹ́ láró, kò sì pẹ́ lẹ́yìn náà tí ìyá fi kú. Béjidé ni Rájí gbé aṣọ náà fún, nítorí kò sẹ́ni tó mọ ṣòkòtò rán tó ọmọ Ìbòkun yẹn, bí ọtí ò bá ti sí lójú rẹ̀.

Rájí tú ṣòkòtò, ó nà án sókè. Ó kà á. Ó yí i padà, ó tún un kà.

"Béjidé, ẹsẹ̀ mélòó ni mo ní?"

Béjidé tẹjú mọ́ ọn láti orí àpótí tó jókòó sí. Láti àárọ̀ ló ti ń mu, ojú rẹ̀ pọ́n kankan. "Dúró jẹ́ẹ́," ó ní, "o ń mì jù." Ó nàka, ó kà á. "Mẹ́ta."

"Mẹ́ta báwo? Agbòòrùn mi lo kà mọ́ ọn!"

"Ọjọ́ tí mo wọ̀n ọ́, ṣé o mú agbòòrùn dání àbí o ò mú un?"

"Mo mú un dání."

"Kí ló wá dé tí o ò sọ fún mi nígbà náà pé kò ní wọṣọ?"

Rájí lóṣòó sáàárín ṣọ́ọ̀bù, ó ní òun ò ní dìde àfi tí wọ́n bá fún òun ní ṣòkòtò ẹlẹ́sẹ̀ méjì. Èrò pé lé wọn lórí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín pé ayé ti yí, pé ọmọ Òṣogbo ló wá ń ṣe òṣómàálò lórí Ìjẹ̀ṣà. Béjidé mú bíléèdì kí ó tú ẹsẹ̀ kẹta kúrò. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n yẹ̀yẹ̀yẹ̀. Rájí rí ọwọ́ yẹn, òun tó ní òun ò ní dìde sì fò sókè.

"Má dán an wò! Bíléèdì ò gbọdọ̀ kan aṣọ ìyá mi mọ́ títí ọwọ́ ẹ á fi sinmi. Gbé e kọ́ síbẹ̀ yẹn. Ọjọ́ tí o bá jáwọ́ nínú ọtí ni mo máa wá gbà á."

Ṣòkòtò àtijọ́ tó ti já lórúnkún ló wọ̀ lọ sí Yídì lọ́jọ́ kejì. Béjidé gbé ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kọ́ sára ògiri níbi tí gbogbo oníbàárà ti lè rí i. Ibẹ̀ ló wà fún ọdún méjìlá.

Ohun tí kò pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé Lábíkẹ́, ìyàwó Béjidé, ti kó ẹrù rẹ̀ padà sí Ìbòkun ní bí ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú. Ó ní òun ò lè máa bá ìgò ṣe orogún. Nígbà tí ọtí wá dá lójú Béjidé lọ́jọ́ Iléyá, tó rí ṣòkòtò lára ògiri, tó tún rí ilé tó ṣófo, ó bú sẹ́kún. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ ìyókù. "Mo sunkún, mo sunkún. Mo wá ní kí n yáa lọ mu díẹ̀, kí ẹkún náà lè dá."

Nígbà tó ṣe, ó jáwọ́. Oṣù mẹ́ta gbáko! Ó ránṣẹ́ sí Rájí pé kó wá lọ́jọ́ Sátidé kó wá wo bí wọ́n ṣe ń tú aṣọ. Ó pe gbogbo àdúgbò. Ó ní kí wọ́n sọ fún Lábíkẹ́ n'Íbòkun pé ọkọ rẹ̀ ti di ènìyàn. Lọ́jọ́ Jímọ̀, ó lọ síbi ìgbéyàwó ìbátan rẹ̀ kan ní Ìwàràjà. Wọ́n gbé ẹmu síwájú rẹ̀, ó sì rò ó pé ẹni tó ti borí ọtí fún oṣù mẹ́ta lẹ́tọ̀ọ́ sí ife kan láti fi yọ̀. Bó ṣe dé oríta láti wọkọ̀ padà, ó gun lọ́rì tó kọjú síbòmíràn. Orí iṣu ló jí sí, ní Àkúrẹ́, lọ́jọ́ Sátidé, ní wákàtí tí gbogbo Ìgbọ̀nà dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tí wọ́n ń retí rẹ̀.

Nígbà tó fi máa dé lọ́jọ́ Àìkú, Rájí nìkan ló kù tó ń dúró.

"Níbo lo wà?"

"Àkúrẹ́."

"Kí lo lọ ṣe l'Ákùúrẹ́?"

"Mi ò lọ. Wọ́n gbé mi lọ ni." Béjidé jókòó, ó bo ojú. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ò rí bí ti ẹni tó ń ṣàwàdà mọ́. "Bàbá Mùínàt, mi ò ní sọ ọ́ mọ́ láyé mi pé mo ti jáwọ́. Gbogbo ohun tí mo lè sọ ni pé mi ò tíì mu lónìí."

"Ṣòkòtò mi wá ńkọ́?"

"Ó di ọjọ́ tó bá dá mi lójú pé mi ò ní mu ún mọ́ títí mo fi máa kú. Ọjọ́ yẹn ni màá tú ẹsẹ̀ kẹta."

Ó ti wà lẹ́nu Rájí pé ọjọ́ wo gan-an nìyẹn. Ó wo ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó bu omi fún un mu.

Ìrọ̀lẹ́ ni òǹgbẹ ọtí máa ń dé, lẹ́yìn ìrun aláásárì. Ilé ẹlẹ́mu sì rèé, àárín ṣọ́ọ̀bù àti ilé Béjidé gan-an ló wà. Ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún ni láti ṣọ́ọ̀bù délé, ṣùgbọ́n Béjidé bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀yìnkùlé onílé. Á fo gọ́tà, á bẹ̀rẹ̀ gba abẹ́ okùn tí wọ́n sáṣọ sí, á tó wákàtí kan kó tó délé. Lọ́jọ́ kan, ó já síbi tí àwọn obìnrin ti ń wẹ̀. Wọ́n da omi ọṣẹ lé e lórí, wọ́n wọ́ ọ dé ọ̀dọ̀ Rájí.

"Ọ̀rẹ́ yín ń yọjú wò wá níbi tí a ti ń wẹ̀!"

Béjidé nu ọṣẹ kúrò lójú. Tí ẹ̀rù bá ti ń bà á báyìí, ẹnu Ìjẹ̀ṣà rẹ̀ á yọ, ilé á di ulé, iṣẹ́ á di uṣẹ́. "Ulé ni mò ń lọ," ó ní. "Ẹmu ni mò ń sá fún. Ẹ̀yin gan-an ẹ ò kàn mí rárá!"

Ìyẹn tún wá bí wọn nínú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Rájí bẹ̀ wọ́n títí. Láti ọjọ́ náà, tó bá ti di ìrọ̀lẹ́, obìnrin tó bá kọ́kọ́ rí i á pariwo: "Béjidé ń kọjá o! Ẹ wọṣọ!" Béjidé á dáhùn látẹ̀yìn ògiri: "Mi ò tíì mu lónìí o!" Wọ́n á ní: "O ṣeun. Máa lọ."

Rájí ò fi ọtí kan ẹnu rí, nítorí náà ó rò pé ọ̀rọ̀ ọ̀hún ò le. "Ṣebí kéèyàn má mu ún náà ni," ó sọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó sì fa áásáà símú.

Béjidé wo áásáà náà. "Fi ìyẹn sílẹ̀ di ìrọ̀lẹ́ ọ̀la."

"Ìyẹn nìkan?"

Kó tó di ọ̀sán ọjọ́ kejì, Rájí ti bá oníbàárà méjì jà, ó ti lé ewúrẹ́ ara rẹ̀ jáde nílé, ó ti bú Sikirat ìyàwó rẹ̀ pé ó ń mí sókè jù. Sikirat ló fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ ra áásáà, ó jù ú sí i lẹ́sẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Rájí wọ ṣọ́ọ̀bù Béjidé, kò kí ẹnikẹ́ni, ó fa àpótí kan, ó jókòó.

"Báwo ló ṣe rí?" Béjidé bi í.

"Má bá mi sọ̀rọ̀."

Láti ìgbà náà, bí Rájí bá ti kírun aláásárì tán, ibẹ̀ ló ń wá jókòó sí títí wọ́n á fi pe ìrun màgàríbì, tí òǹgbẹ á ti kọjá lórí Béjidé. Kò sọ ìdí tó fi ń wá, Béjidé náà ò sì bi í. Ògì gbígbóná ni wọ́n jọ ń mu, nínú ife ńlá tí Béjidé fi ń mu ẹmu tẹ́lẹ̀. Béjidé yọ ikùn. "Ọtí fẹ́ pa mí, kò rí mi pa," á fọwọ́ gbá ikùn náà, "ògì ló máa parí ẹ̀." Ti Rájí tilẹ̀ burú jù. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn di ẹni tó ń fi ẹ̀gbẹ́ wọlé.

Àwọn ìyá a máa fa ọmọ wọn tó ń mutí wá pé kí Béjidé bá àwọn gbà á nímọ̀ràn. Béjidé á nawọ́ sára ògiri. "Ẹ ò rí iṣẹ́ ọwọ́ mi ni? Èmi lẹ ní kí n gba èèyàn nímọ̀ràn?" Lẹ́yìn náà, á fa àpótí fún ọmọ ọ̀hún. "Jókòó tì wá títí wọ́n á fi pe ìrun. Ìyẹn nìkan ni mo mọ̀."

Nígbà tí ìjà òṣèlú wẹ́tìẹ rọlẹ̀ tán, Lábíkẹ́ yọ lójijì láti Ìbòkun. Ó ní ọlọ òun ni òun wá gbé. Kò kí ọkọ rẹ̀.

"Ya ẹnu."

Béjidé ya ẹnu. Lábíkẹ́ gbóòórùn rẹ̀. Ògì ni. Ó tún gbóòórùn rẹ̀. Ó wá wo ọlọ, ó ní ó wúwo jù, ó di ọ̀la kí òun tó gbé e. Ọ̀la yẹn ò dé mọ́. Ṣùgbọ́n kò ní gbé oúnjẹ kalẹ̀ lálẹ́ àfi tí Béjidé bá kọ́kọ́ ya ẹnu. "Ìyàwó ẹlòmíràn á kúnlẹ̀ kí ọkọ rẹ̀," Béjidé á máa sọ fún oníbàárà. "Tèmi ń fi imú kí mi."

Lọ́dọọdún, bí Iléyá bá ti ń sún mọ́lé, Rájí á bi í: "Ṣé ó ti dá ọ lójú?" Béjidé á ní, "Rárá o." Rájí bínú lọ́dún kan. "Wọ́n ti yí ọkọ̀ sọ́wọ́ ọ̀tún, owó ti di náírà, ìwọ ò tíì dá ara ẹ lójú?"

"Ọkọ̀ ò mutí," ni Béjidé wí.

Ọdún 1976 ni àìsàn dá a dùbúlẹ̀. Dókítà ní ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ni. "Èmi àti ọtí ti parí ìjà tipẹ́," Béjidé sọ fún Rájí, "ẹ̀dọ̀ mi ni kò tíì gbọ́." Rájí gbé àpótí rẹ̀ kúrò ní ṣọ́ọ̀bù lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Lójoojúmọ́ ló ń wá, àfi ọjọ́ méjì tó lọ ra obì n'Íléṣà. Ìgbà tó fi máa dé, Béjidé ti kú.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Lábíkẹ́ gbé aṣọ kan tí wọ́n dì wá bá Rájí.

"Bàbá Mùínàt, ọ̀sán Jímọ̀ tí ẹ wà n'Íléṣà ló ní kí n gbé ṣòkòtò yín wá, àti bíléèdì. Mo ní ọwọ́ rẹ̀ ò ní lè gbé e. Ó na ọwọ́ sí mi pé kí n wò ó. Kò gbọ̀n rárá. Ó tú u, ó sì rán an ní gbogbo ọ̀sán yẹn. Bó ṣe ṣe tán, ó ya ẹnu. Mo ní mi ò ní gbóòórùn rẹ̀ mọ́, ó tó gẹ́ẹ́. Ó ní àfi kí n gbóòórùn rẹ̀. Mo gbóòórùn rẹ̀." Ó fi etí aṣọ nu ojú. "Ó ní kí n sọ fún un yín pé ó ti dá òun lójú."

Láàárọ̀ ọjọ́ Iléyá, Rájí mú ṣòkòtò náà. Ó mọ̀ pé kò lè gba òun mọ́. Ẹni tí wọ́n wọ̀n ní ọdún méjìlá sẹ́yìn, ìdajì rẹ̀ ni. Ó kàn ní kí òun ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ nítorí òkú ọ̀rẹ́ òun ni. Ṣòkòtò gun itan, ó kọjá ìdí, ó sì bá ìbàdí rẹ̀ mu rẹ́gí. Rájí bọ́ ọ, ó yí inú rẹ̀ síta. Béjidé ti la ẹsẹ̀ kẹta sí méjì, ó sì ti fi ìdajì kọ̀ọ̀kan bu ẹ̀gbẹ́ méjèèjì láti ìbàdí wálẹ̀. Kò fi okùn wọ̀n ọ́n. Ojú tó fi ń wò ó ní gbogbo ọdún yẹn ló fi wọ̀n ọ́n. Àpìkẹ́ tó hun aṣọ náà sì ti kú, kò síbi tí wọn ì bá ti rí irú kíjìpá yẹn bù sí i, bí kì í bá ṣe ti àṣìṣe ọjọ́ kìíní. Rájí jókòó sórí ibùsùn pẹ̀lú ṣòkòtò lọ́wọ́, ó sunkún bí ọmọdé.

Ìgbà tó jáde, kò gba ojú títì. Ó mú agbòòrùn rẹ̀ dání, ẹsẹ̀ kẹta yẹn nìkan ni kò wọṣọ, ó sì gba ẹ̀yìnkùlé. Ó fo gọ́tà pẹ̀lú agbára káká, ó bẹ̀rẹ̀ gba abẹ́ okùn aṣọ. Àwọn obìnrin tó ń wẹ̀ rí kíjìpá náà láti òkè ògiri. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n. Ọ̀kan nínú wọn pariwo:

"Béjidé ń kọjá o! Ẹ wọṣọ!"

Rájí dúró. Ó dáhùn látẹ̀yìn ògiri:

"Kò mu títí tó fi lọ o!"

Wọ́n ní: "Ó ṣeun. Ẹ máa lọ."