Òùngbẹ Àwọn Adìẹ Wa

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìkòsí, bí ọyẹ́ bá ti dé, ọkàn ìyá mi kì í balẹ̀ mọ́. Ìgbà yẹn ni lúkúlúkú máa ń jà, àrùn tó ń lọ́ adìẹ lọ́rùn. Lọ́dún kan, ó mú gbogbo adìẹ wa. Ìyá mi po ata mọ́ omi, ó ní kí n máa fún wọn mu. Láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi wọ̀, ìdí ìkòkò omi ni mo ń sáré lọ, tí mo ń sáré bọ̀. Kò ṣẹ́ ku ẹyọ kan. Ìyá mi ní kí n má sunkún, pé wọ́n fi ẹ̀mí wọn gba tiwa ni. Mo sunkún, jàre.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ gbọ́ ohun tí mo wá fi àgbà ara mi ṣe. Nígbà tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ọwọ́ mẹ̀kúnnù, ìyàwó ọmọ mi ń sin adìẹ lẹ́yìn ilé wa ní Kétu. Ó ní dókítà ẹran ń bọ̀ láti Ògùdù, ó fẹ́ po àjẹsára lúkúlúkú sínú omi fún wọn.

“Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún wọn lómi o. Tí òùngbẹ ò bá gbẹ wọ́n, wọn ò ní mu ún tán kí agbára ẹ̀ tó lọ.”

Ó bá lọ ra àgbàdo ní Mile 12. Háà, igbe àwọn adìẹ yẹn! Ara mi ò lélẹ̀. Mo jókòó, mo dìde. Mo tan rédíò, mo pa á. Dókítà ò dé. Nígbà tí àgbébọ̀ kan yanu sí mi báyìí, mo bu omi fún wọn. Wọ́n mu ún yó.

Dókítà dé, ó po oògùn, adìẹ kankan ò wo ibẹ̀. Ìyàwó ọmọ mi káwọ́ lérí, ó rò pé àrùn ti wọlé. Ojú tì mí.

“Èmi ni mo fún wọn lómi.”

“Mummy, àánú yẹn lè pa wọ́n o,” ni dókítà wí. Oògùn ṣòfò, wọ́n dà á nù.

Lọ́jọ́ tí dókítà tún mú oògùn míràn wá, èmi fúnra mi ni mo fi kọ́kọ́rọ́ ilé adìẹ lé ìyàwó ọmọ mi lọ́wọ́, mo sá lọ sílé ọ̀rẹ́ mi ní Alápẹrẹ. Ọyẹ́ dé, lúkúlúkú pa adìẹ aládùúgbò, tiwa ń jẹ̀ kiri.

Ayé ti yí, ó sì dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ká ní ìyá mi wà láyé, n ò mọ bí mo ṣe máa ṣàlàyé fún un pé òùngbẹ òwúrọ̀ kan wà lára ohun tó gba adìẹ là. Títí dòní, bí adìẹ bá ti ké, ẹsẹ̀ mi á ti dé ìdí omi kí n tó rántí.